Ẹ Kúkú Gé E

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ènìyàn láìdáwọ́ iṣẹ́ dúró, kó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Alábẹ́rẹ́. Torí aṣọ tó ń rán ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Alábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba èsì lẹ́nu rẹ̀ rí á sọ fún ọ pé kì í ṣe torí aṣọ nìkan. Bí oníbàárà bá gbé ṣòkòtò tó há wá pé kó bá òun tú u, á kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ohun tó ti jẹ. Bí ọmọge bá na fóònù sí i pé irú aṣọ tó wà nínú àwòrán yìí lòun fẹ́, Àǹtí á wo àwòrán, á wo ọmọge, á ní, "Ṣé aṣọ nìkan ni kí n rán ni, àbí kí n rán ọrùn mọ́ ọn?" Síbẹ̀ wọ́n ń padà wá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kì í tú. Èébú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Nínú gbogbo ẹ̀dá tí Àǹtí ń yínmú sí, kò sí èyí tó ń gbà á tó àbúrò rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni àbúrò yìí. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ, irun funfun ti ń yọ sí i lágbọ̀n, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ kékeré tó wọ bàtà lódì lọ sílé ìwé ló ṣì jẹ́. Tó bá ra àga tuntun sí ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí á ní àga ti pọ̀ ju orí lọ níbẹ̀. Tó bá ní òun fẹ́ fi gíláàsì ṣe ilẹ̀kùn, Àǹtí á ní kí ni ará ìta fẹ́ máa wò. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á dé fìlà rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn ikú bàbá wọn kò ju mọ́tò kan lọ. Mọ́tò àtijọ́ ni, onílẹ̀kùn méjì, imú rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì máa ń bú ramúramù débi pé bàbá wọn kì í fọn fèrè. Ta ló fẹ́ sọ pé òun ò gbọ́? Bọ̀rọ̀kìnní ni bàbá sọ ọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fọ̀ ọ́, tó bá sì fọ̀ ọ́ tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ibi tí páànù ara rẹ̀ ti tẹ̀ gbọọrọ bo táyà ẹ̀yìn, bí ẹni gbá ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn pé ó káre. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni Bọ̀rọ̀kìnní. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun sí i kí ẹnì kejì má fọwọ́ sí i."

Àbúrò ló mọ mọ́tò wà, òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, á wá fi gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri láti lọ kó aṣọ fún àwọn oníbàárà. Àǹtí ò mọ ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó mọ "rárá" í sọ. Rédíò tuntun ńkọ́? Rárá. Kí wọ́n kùn ún? Rárá, ṣé ó ní òtútù ń mú òun ni? Kí wọ́n pààrọ̀ awọ àga? Rárá, ìdí tó ń jókòó sórí ẹ̀ ni kó pààrọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé obìnrin yìí fẹ́ràn mọ́tò náà ju bó ṣe lè sọ lọ. Tó bá kù díẹ̀ kó wọlé sínú rẹ̀, á fọwọ́ kan ibi tó tẹ̀ gbọọrọ yẹn lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á ṣe é bí ẹni ń nu eruku. Kò sí ohun mìíràn láyé tó ṣì rí bí bàbá rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ni àbúrò dé ṣọ́ọ̀bù, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi fìlà rẹ̀ nu ọwọ́.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́."

"Kí lo tún fẹ́?"

"Ọ̀rọ̀ Bọ̀rọ̀kìnní ni. Mo fẹ́ wọ táyà tó fẹ̀ sí i fún un lẹ́yìn."

Àǹtí kò gbójú sókè kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Fẹ̀ báwo?"

Àbúrò ya ọwọ́ méjèèjì sọ́tọ̀ láti fi hàn án. Àǹtí wá wo ọwọ́ náà. Ó wò ó títí. "Háà. Ìdí ta lo fẹ́ gbé sí bàbá àgbà yẹn lára?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo irú ẹ̀ nìyẹn, Àǹtí. Iwájú á rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀yìn á rí rọ̀gbọ̀dọ̀. Agbára ẹ́ńjìnnì ẹ̀ pọ̀, ẹ̀yìn ni agbára yẹn ń lọ. Táyà tó wà níbẹ̀ ti tín-ín-rín jù, tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ṣe ló ń yọ̀."

"Ta ló ní kó o tẹ̀ ẹ́? Gbèsè lo jẹ ni, àbí aya aláya lo gbé?"

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ pé wọ́n á bú òun kí wọ́n tó dá òun lóhùn, ó dúró de ìdáhùn. Àǹtí náà ronú. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń de táyà, nọ́ọ̀tì ni wọ́n á fi tú u tí wèrè yìí bá kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Táyà, mo gbọ́. Wọ ohun tó o bá fẹ́ wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀, páànù tí bàbá mi fọwọ́ gbá, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Àǹtí mi. A ò ní fọwọ́ kàn án."

Àgbàlá Bàbá Olóòlù ni wọ́n ti ṣe é. Bàbá Olóòlù ló ń lu ara mọ́tò tó bá kán ládùúgbò wọn. Àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, òòlù ti di etí rẹ̀ díẹ̀, ó sì ní ìwà ọmọlúàbí débi pé bí o bá fi mọ́tò rẹ kọlu ògiri, á kí ògiri pẹ̀lẹ́. Àǹtí pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó lọ síbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ ṣọ́ ara mọ́tò. Irọ́ ni. Ó fẹ́ lọ fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni.

Ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé níbẹ̀ ni Ààrẹ. Ààrẹ Ẹgbẹ́ Onímọ́tò Àtijọ́ nìyẹn, ọ̀rẹ́ àbúrò, ọkùnrin kan tó ń wọ awò dúdú nínú ilé, tó sì máa ń fi ọwọ́ lé ẹ̀yìn bí ẹni ń bẹ àwọn ọmọ ogun wò. Mọ́tò tirẹ̀ ti wà lórí búlọ́ọ̀kù tipẹ́, koríko ti gba inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yọ sókè, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa mọ́tò ẹlòmíràn. Òun ló ti àbúrò sí ọ̀rọ̀ táyà yìí. Ó mú ọkùnrin méjì lẹ́yìn tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa mi orí lọ.

"Àǹtí wa, ẹ káàbọ̀! Lónìí ni mọ́tò yìí á di ọkùnrin!"

"Mo rò pé ó ti jẹ́ ọkùnrin kí wọ́n tó bí ẹ," ni Àǹtí wí, ó fa àpótí kan sábẹ́ òjìji, ó jókòó.

Wọ́n yí táyà tuntun náà jáde. Ó dúdú, ó ń dán, ó sanra débi pé kò sẹ́ni tó dì í mú tó fi dá dúró. Bàbá Olóòlù ti jáàkì sábẹ́ ẹ̀yìn mọ́tò, ó gbé e sókè, ó yọ ti àtijọ́, ó gbé tuntun wọ̀ ọ́, ó sì de nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Ó ṣe ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣe ìkejì. Mọ́tò ṣì wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, ààyè sì wà dáadáa láàárín táyà àti páànù. Ààrẹ ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wò ó, Àǹtí! Ṣe ló dà bíi pé ẹ̀yin lẹ rán an mọ́ ọn!"

"Bí mo bá wọ ṣòkòtò fún ẹni tó nà gbalaja, òun náà á wọ̀ ọ́," ni Àǹtí dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kó jókòó ná."

Wọ́n sọ mọ́tò kalẹ̀. Ara rẹ̀ rọra sọ̀, páànù sì bo orí táyà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò kàn án. Àbúrò nìkan wọlé, ó wà á jáde ní àgbàlá, ó wà á padà wọlé, eyín ń tàn lẹ́nu rẹ̀. Ká sọ òótọ́, ó rẹwà. Bọ̀rọ̀kìnní dúró lórí táyà yẹn bí ẹni tó ń múra láti fò. Àǹtí rí i. Ó mójú kúrò.

Ni Ààrẹ bá ní òun àtàwọn onímirí rẹ̀ máa gùn ún lọ síta kí gbogbo adúgbò rí wọn. Wọ́n ki ara wọn sẹ́yìn, wọ́n sanra bí táyà náà. Mọ́tò dé ibi tí ọ̀nà ti ga gèǹgè lẹ́nu géètì, ó gun ibẹ̀, ó sì jábọ́. Kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀! Ariwo náà dé eyín. Èéfín yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, òórùn rọ́bà tó jóná gba gbogbo ibẹ̀. Ààrẹ jáde, ó ń wúkọ́, awò rẹ̀ ti wọ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ìdí àpótí mú kó má baà ṣubú.

Bàbá Olóòlù kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ abẹ́ páànù. Ó ní, "Etí tí wọ́n ṣẹ́ sínú yìí ló ń jẹ táyà, bí ìgbà tí ẹ ṣẹ́ etí aṣọ, ìyá. Tí mo bá fi òòlù tẹ̀ ẹ́ pa, kò ní tó. Táyà yìí ti yọ síta jù. Tó bá máa wọ̀ ọ́, àfi kí n gé ibi tó tẹ̀ yìí, kí n jó òmíràn tó fẹ̀ jù ú lọ mọ́ ọn."

Ààrẹ ṣí ẹnu, àbúrò gbé ọwọ́ sókè dá a dúró.

"Ẹ yọ ọ́, Bàbá," ni àbúrò wí. "Mo ti ṣe àdéhùn fún Àǹtí mi. Ẹ dá ti àtijọ́ padà."

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Àǹtí ti borí, páànù bàbá rẹ̀ ṣì wà lódindi, àbúrò rẹ̀ sì pa àdéhùn mọ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ó ṣeun, á sì máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹnu ń yún Àǹtí. Bó bá ti rí ẹni tó ṣubú, àfi kó bá a wọ́ ọ nílẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fẹ́ yọ ọ́?" ni Àǹtí wí, ó ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀. "Ṣé ọkàn yín ò gbé e mọ́ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ mọ́tò ju ẹni tó ra mọ́tò lọ. Ẹ kúkú gé e."

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ kékeré yìí, kúkú. Ẹni tó ti ro ọ̀rọ̀ títí, tó wá gbà, á ní, "Ẹ kúkú mú un lọ." Ẹni tínú ń bí, tó fẹ́ kí ojú tì ọ́ kó o lè gbé nǹkan sílẹ̀, òun náà á ní, "Ẹ kúkú mú un lọ." Ohùn la fi ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí ìkejì. Ohùn Àǹtí wá ńkọ́? Ohùn kan ṣoṣo ló ní. Òun ló fi ń kí ènìyàn káàárọ̀, òun náà ló fi ń ṣépè.

Àbúrò yíjú sí i, ó wò ó bí ẹni tí kò dá etí ara rẹ̀ lójú. "Àǹtí mi?"

Bàbá Olóòlù dìde lórí eékún. "Ìyá, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí? Kí n gé e?"

Ìgbà kejì nìyẹn tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un kó jáde. Àǹtí pòṣé. "Bàbá, ṣé òòlù ti di etí yín pátápátá ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́?"

Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá, ó jáde. Ó gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ ṣé o, Àǹtí mi," lẹ́yìn rẹ̀, ó rò pé ọmọ náà ń fajú ro ni. Inú rẹ̀ dùn dénú ilé.

Sátidé pé, aṣọ àwọn oníbàárà ti wà nínú àpò, Àǹtí ń lọ aṣọ ìkẹyìn. Ó gbọ́ bíbú ramúramù Bọ̀rọ̀kìnní láti ìkòríta. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ fèrè. Fèrè! Bàbá wọn kò fọn ọ́n rí. Ó gbé ayọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó bọ́ síta.

Àbúrò ti gbé mọ́tò dúró ní ẹ̀gbẹ́, kó lè rí i dáadáa. Táyà sanransanran náà wà nídìí rẹ̀. Lórí táyà náà, níbi tó tẹ̀ gbọọrọ tẹ́lẹ̀, páànù mìíràn ló wà níbẹ̀, ó wú síta bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, ọ̀dà aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi kùn ún, ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ ṣì hàn. Àwọn oníbàárà méjì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tẹ̀lé Àǹtí jáde.

"Ẹ má wo ọ̀dà yẹn o," ni àbúrò wí, kò lè dúró sójú kan. "A ṣì máa kùn ún kó bá ara ẹ̀ mu. Ẹ wò ó, Àǹtí mi! Àwa márùn-ún la jókòó sínú ẹ̀, kò kan nǹkan kan!" Ó yíjú sí àwọn oníbàárà. "Àǹtí mi ló fọwọ́ sí i. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ pé ká gé e. Mo sọ fún ìyàwó mi, kò gbà mí gbọ́. Ó ní Àǹtí yín? Mo ní Àǹtí tèmi!"

Àǹtí fọwọ́ bo ẹnu. Àbúrò rò pé ayọ̀ ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ohun kan tó wé sínú aṣọ jáde, ó tú u sọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gé kúrò ni, wọ́n ti fi pépà oníyanrìn pa ojú mímú wọn, ọ̀dà bàbá ṣì ń dán lára wọn.

"Mo ní kí Bàbá má jù ú nù," ni àbúrò wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ máa ń fọwọ́ kan ibẹ̀. Mo máa ń rí yín. Àǹtí mi, mi ò rò pé ẹ lè gbà fún mi láyé yìí. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ohun àkọ́kọ́ tí mo bi yín tẹ́ ẹ ní kí n ṣe nìyí."

Ìbànújẹ́ ló bá Àǹtí, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ̀ tó ń gbà jáde.

"Ọ̀dẹ̀!" ló ké. "Ọ̀dẹ̀ ni ẹ́, ọ̀dẹ̀ ni Bàbá Olóòlù yẹn! Ta ló ní kó o gé mọ́tò bàbá mi? Mo ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni! Yẹ̀yẹ́! Ṣé o ò mọ yẹ̀yẹ́ ni?"

Ẹ̀rín kúrò lójú àbúrò, ó lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníbàárà padà wọnú ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni lé wọn. Àbúrò ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó dì í mú. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Àǹtí," ló wí. "Ẹ má bínú. Níbi ìsìnkú Bàbá, ẹ sọ lójú gbogbo ẹbí pé ká ní Bàbá mọ irú ènìyàn tí mo máa dà ni, ẹ̀yin nìkan ni wọn ì bá fún ní mọ́tò. Ṣé yẹ̀yẹ́ nìyẹn? Lọ́jọ́ tí mo gbé ìyàwó mi wá kí yín, ẹ ní ojú ń dùn ún. Mo bímọ, ẹ ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó jọ mí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, torí mo máa ń rò pé yẹ̀yẹ́ ni. Àǹtí mi, ẹ bá mi yà á sọ́tọ̀. Èwo ni yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, èwo lẹ ti ọkàn sọ?"

Àǹtí di páànù mú mọ́ àyà. Ó wá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà tó lè tọ́ka sí, tó lè ní èyí nìkan ni òun sọ láti fi ṣeré. Kò rí i. Kò sì rí èyí tó lè ní òun ti ọkàn sọ. Ojú tì í, ó sì ń wo àbúrò rẹ̀, irun funfun rẹ̀, fìlà tó dì mú lọ́wọ́ bí ẹni wá bẹ̀bẹ̀.

"Yẹ̀yẹ́ ni gbogbo ẹ̀," ló wí níkẹyìn. "O ṣeun tó o bá mi tọ́jú páànù yìí. Àbúrò mi ni ẹ́, mo fẹ́ràn ẹ."

Ohùn tó ní náà ló fi sọ ọ́, kò ní òmíràn. Àbúrò wò ó, ó ń wá nǹkan lójú rẹ̀.

"Èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ńkọ́, Àǹtí mi?"